Láti Owó Ẹyọ dé Owó Orí Fóònù

Bí ẹ bá dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Máìlì Tù, ní Amùwó-Ọ̀dọ̀fin, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo bí àwọn èrò ti ń wọlé. Òṣìṣẹ́ tí ó ti Festac jáde, ìyá oníṣòwò tí ó ti Kúje wá, ọmọ ilé-ìwé tí ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, olúkúlùkù wọn a na káàdì pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ náà a dún, ọ̀nà a sì ṣí. Ẹnikẹ́ni kò ka owó fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí ń retí ṣéńjì. Bí ó ti rí nìyí láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, tí ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Máìlì Tù dé Màrínà.

Orúkọ káàdì náà ni Cowry Card. Cowry ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe owó ẹyọ. Ẹ ò rí i bí? Owó tí àwọn baba ńlá wa fi ra iṣu àti aṣọ ni a tún fi sọ ohun ìsanwó ayé òde òní lórúkọ. Báwo ni a ti rìn láti orí ẹyọ dé orí káàdì? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyí.

Owó ẹyọ kì í ṣe ohun tí a ń ṣà ní etí ọ̀sà tiwa. Láti àwọn erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni ó ti wá. Àwọn oníṣòwò òyìnbó, pàápàá àwọn ará Holland àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí èbúté bí Ouidah àti Àgbádárìgì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi òtítọ́ pamọ́: owó yìí kan náà wà lára ohun tí wọ́n fi ra ọmọ ènìyàn lẹ́rú. Ọ̀nà ńlá tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Festac kọjá lónìí, Àgbádárìgì ni ó ń lọ.

Àwọn àgbà a máa ka ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún. Wọn a sín ogójì sí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó kún àpò kan, èyí tí a ń pè ní ọ̀kẹ́, tí í ṣe 20,000, ó sì tó ẹrù fún ẹni kan láti rù. Títí di òní, bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan pọ̀ ju kíkà lọ, a ó ní ó jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye. Àpò owó ẹyọ ni à ń dárúkọ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa kò fi ojú rí ọ̀kan rí.

Ní ayé ìgbà náà, ẹlòmíràn a pàtẹ ọjà rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, a fi òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye rẹ̀ hàn, a sì gba oko rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò fi iye owó ẹyọ tí ó yẹ sílẹ̀, yóò sì mú ọjà lọ. Ọlọ́jà kò rí oníbàárà, oníbàárà kò sì rí ọlọ́jà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a níwájú.

Kí ni ó wá pa owó ẹyọ? Láti nǹkan bí ọdún 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì ti ń kó ẹyọ ńláńlá wá láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní ìhà Zanzibar. Ó pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn, ohun tí ó bá sì ti pọ̀ jù kì í níye lórí mọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, owó fàdákà tiwọn ni wọ́n ń ná. Nígbà tí ó di 1904, ìjọba fi òfin de kíkó owó ẹyọ wọlé. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó ọ̀kẹ́ owó jọ sínú ìyẹ̀wù wá rí i pé ìkarahun lásán ni ó kù lọ́wọ́ òun. Kò jalè, kò ya ọ̀lẹ, ìgbà ni ó yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní 1912 ni a dá ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London. Ìgbà náà ni àwọn òbí wa mọ ṣílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ náà ní ihò láàrin, a sì lè sín in sókùn gẹ́gẹ́ bí a ti ń sín ẹyọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje 1959, Báńkì Àpapọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbé owó Nàìjíríà jáde. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973, póùn lọ, náírà dé: póùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1977, ni àlejò wá láti ibi gbogbo tí àwọn ènìyàn dúdú wà, fún àjọ̀dún tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac. Náírà ni wọ́n bá lọ́wọ́ wa.

Ní 2012, Báńkì Àpapọ̀ mú Èkó ṣe ibi àkọ́kọ́ tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín owó bébà kù. Ní ọdún tí ó ṣáájú, 2011, ni ètò tí ń gbé owó láti báńkì kan sí èkejì ní ojú ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé lè béèrè pé, “Bàbá, ibo ni owó náà ń gbà kọjá?” Ọmọ mi, owó náà kò gba ibì kankan. Bí mo bá fi fóònù san owó ẹja, báńkì mi yóò yọ iye náà kúrò nínú àkọsílẹ̀ mi, yóò ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó wà láàrin gbogbo báńkì, èyí tí wọ́n ń pè ní NIBSS, wọn yóò sì sọ fún báńkì ẹlẹ́ja pé kí ó kọ ọ́ kún tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn báńkì yóò bá ara wọn ṣírò. Ọ̀rọ̀ ni ó rìn, owó kò rìn.

Káàdì ojú irin náà ní ìdí tirẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ká sínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tó èékánná. Nígbà tí ó bá súnmọ́ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, agbára tí ń ti inú ẹ̀rọ náà jáde ni ó ń jí i tí ó fi ń dáhùn. Òun tìkára rẹ̀ kò ní bátìrì.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní oṣù kọkànlá 2022 ni a ti gbé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 tuntun jáde, tí a sì ní kí a kó ti àtijọ́ padà sí báńkì kí oṣù kìíní tó parí. A sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, síbẹ̀ owó tuntun kò tó. Ẹni tí ó ní owó ní báńkì ń fi ẹbi sùn. Èrò tò sẹ́nu báńkì láti ìdájí, àwọn oní-P.O.S. mìíràn ń gba ₦200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ₦1,000. Gbogbo ènìyàn sáré sídìí fóònù, fóònù náà sì ń kọṣẹ́ nítorí pé èrò pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ. Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí tu aráàlú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ọjà ẹ̀bá ọ̀nà nì. Ohun tí ó ṣọ́ ọjà yẹn kì í ṣe owó ẹyọ, ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé kan náà ni ìyá tí ń ta ata ní Kúje ń lò nígbà tí ó bá fa ata lé oníbàárà lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí fóònù sọ fún un. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà náà, a gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ń kọjá lọ. Nísinsìnyí, a gbẹ́kẹ̀ lé báńkì àti ẹ̀rọ tí a kò fojú rí. Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má ṣe gba ohun tí oníbàárà fi hàn yín lójú fóònù tirẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ tiyín ni kí ẹ wò kí ọjà tó lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ojú yín là sí fóònù, bí ìyá àgbà bá ní kí ẹ bá òun wo owó òun, ẹ wò ó pẹ̀lú òtítọ́, ẹ má sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹyọ kú, ẹni tí kò tètè gbọ́ ni ó pàdánù jù. Owó yóò sì tún yí padà lójú yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Lọ́jọ́ náà, ẹ rí i pé ìyá tí kò mọ̀wé tètè gbọ́. Ó dìgbà o.