Kíráǹkì Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè ní Ìlú Tí Kò Ní Òkè

Àlejò tó bá wọ Houston láti ojú òfuurufú, ìlú ńlá ìpínlẹ̀ Texas tí àwọn ọmọ ìyá méjì, Augustus àti John Allen, tẹ̀ dó sí etí odò Buffalo Bayou ní ọdún 1836, tí wọ́n sì fi orúkọ Sam Houston, ológun tó borí ní San Jacinto ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, sọ ọ́, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kò ní rí òkè kan tó lè dá ojú rẹ̀ dúró; nítorí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Houston, ọmọ amọ̀, ọmọ odò tí ń rìn jẹ́ẹ́ nígbà tí inú rẹ̀ dùn, tí ó sì ń wọ ilé onílé nígbà tí inú bá bí i. Síbẹ̀, nínú ìlú pẹrẹsẹ yìí ni a ti ń rí tọkùnrin tobìnrin, àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú, tí wọ́n ń gun irú kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará California dá sílẹ̀ nítorí orí òkè. Ẹni tí kò bá mọ ìdí abájọ lè rò pé ẹni tí kò ní òkè láti gùn kò ní ohun púpọ̀ láti bèèrè lọ́wọ́ kíráǹkì, ìyẹn apá méjì tí pẹ́dà wà lórí wọn, tí wọ́n ń gba agbára lọ́wọ́ itan, tí wọ́n sì ń fi í lé ṣéènì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni a ti ń gun wákàtí kan, tí a sì ń fi ìdajì wákàtí yí bọ̀ láìfi ẹsẹ̀ wa pẹ́dà. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ kì í rìn bí ẹsẹ̀ kò bá yí, àwọn bèbè odò tó wà níbẹ̀ sì kúrú, wọ́n dúró ṣánṣán, tó fi jẹ́ pé àfi kí ènìyàn dìde lórí ìjókòó kí ó sì fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ kí ó tó lè bọ́ sókè.

Kí a tó kan irin, ẹ jẹ́ kí a kan ilẹ̀. Igbó tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Houston fẹ́ràn jù ní àárín ìlú ni Memorial Park, ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 1,500, tí ìlú rà ní ọdún 1924 lọ́wọ́ ìdílé Hogg ní iye tí àwọn fúnra wọn rà á, láti fi ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àgọ́ ológun tí a ń pè ní Camp Logan ló ti wà níbẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti ẹgbẹ́ 24th Infantry ni a fi ṣọ́ àgọ́ náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ọdún 1917, ìyà àti ẹ̀gbin tí àwọn ọlọ́pàá ìlú fi ń jẹ wọ́n sì sún wọn dé ìdí ọ̀tẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. 19 nínú wọn ni a yẹgi fún, ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2023 kí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fagi lé ìdálẹ́bi àwọn 110. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ àwọn igi páínì ibẹ̀, kò yẹ kí ó ṣàìmọ ìtàn ilẹ̀ tí táyà rẹ̀ ń tẹ̀.

Ní ìhà gúúsù ọgbà náà ni ọ̀nà tóóró-tóóró wà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní Ho Chi Minh, tí gbòǹgbò igi ta kọ́ra lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, lẹ́bàá odò Buffalo Bayou kan náà, Terry Hershey Park wà níbẹ̀, a fi orúkọ obìnrin akíkanjú sọ ọ́, ẹni tó jà fitafita ní ẹ̀wádún 1960 kí wọ́n má baà na odò náà gbọọrọ kí wọ́n sì rẹ́ ẹ ní kọnkéré. Nínú ọgbà tirẹ̀ ni ọ̀nà Anthills wà, tó ń gòkè tó ń sọ̀ létí omi bí ẹni pé kò fẹ́ sinmi. Gbòǹgbò, ẹrẹ̀, bèbè: àwọn mẹ́ta yìí ni òkè Houston.

Kíráǹkì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ní Paris, ní ẹ̀wádún 1860, ni ilé-iṣẹ́ Michaux ti ń kan apá irin mọ́ àárín ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́, kò sí ṣéènì, bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ a yí lẹ́ẹ̀kan. Ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé Rover jáde ní Coventry, tí ó gbé kíráǹkì wá sí àárín, tí ó sì fi ṣéènì fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àrómọdọ́mọ Rover yìí ló wọ ilẹ̀ Yorùbá, Raleigh ti Nottingham sì gba iwájú lọ́wọ́ gbogbo wọn: kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹṣin tí kì í jẹ koríko, arìn-jìnnà-má-mi-hẹlẹ, tí àgbẹ̀ fi ru kòkó lọ sí ibi ìwọ̀n, tí adẹ́mu fi gbé ẹmu wọ̀lú kí oòrùn tó mú. Irin gidi ni kíráǹkì rẹ̀. Ìṣó kan tí a rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń há a mọ́ ọ̀pá ìdábùú tó la àárín férémù kọjá, àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe wa a sì fi òòlù gbá a wọlé. Bí ìṣó náà bá jẹ, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pẹ́dà yóò máa mì lábẹ́ rẹ̀. Kíráǹkì náà wúwo púpọ̀, àmọ́ bí ó bá tẹ̀, ọmọ Ògún Lákáayé ní àgbẹ̀dẹ a fi sínú iná, a nà án padà, ó di ọjọ́ mìíràn.

Alumíníọ̀mù ló da ọ̀rọ̀ rú. Ọdún 1886 ni Hall ní Amẹ́ríkà àti Héroult ní Faransé, láìmọ ara wọn, rí ọgbọ́n tí a fi ń yọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọdún 1906 ni Alfred Wilm ní Jámánì rí i pé bí a bá po bàbà díẹ̀ mọ́ ọn, tí a mú un gbóná, tí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò le ju bó ti wà lọ. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1933, ilé-iṣẹ́ Stronglight ní Saint-Étienne ti ń ta kíráǹkì alumíníọ̀mù tí kò nílò ìṣó, tí a fi bóòtù fà mọ́ ọ̀pá onígun mẹ́rin. Ìwọ̀n alumíníọ̀mù kò ju nǹkan bí ìdámẹ́ta ìwọ̀n irin lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Irin ní ààlà kan, tó jẹ́ pé bí ẹrù kò bá ti kọjá rẹ̀, ó lè gbé e láìmọye ìgbà. Alumíníọ̀mù kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, gbogbo ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó ń pa mọ́ sínú, bó ti wù kí ó kéré mọ, títí di ọjọ́ tí ẹ̀là tín-ín-rín kan yóò là láti etí ihò pẹ́dà tàbí láti igun ihò ọ̀pá, tí apá náà yóò sì já lójijì láìkọ́kọ́ tẹ̀.

Àwọn tó dá kẹ̀kẹ́ orí òkè sílẹ̀ kò kọ́kọ́ da ara wọn láàmú nípa ìwọ̀n. Ní Marin County ní California, lábẹ́ òkè Tamalpais, kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́ ni wọ́n ń gbé gun òkè, èyí tí kíráǹkì rẹ̀ jẹ́ irin kan ṣoṣo tí a tẹ̀ láti pẹ́dà ọ̀tún dé pẹ́dà òsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje lórí ọ̀nà Repack ní oṣù kẹwàá ọdún 1976. Ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, kọ́ férémù tuntun fún eré náà ní ọdún 1977. Ní ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ Specialized gbé kẹ̀kẹ́ Stumpjumper jáde, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní owó lè rà. Láti ìgbà náà ni ẹrù náà ti kúrò lọ́rùn irin, tó bọ́ sọ́rùn alumíníọ̀mù.

Ìgbà tó burú jù nínú ìtàn yìí, lójú tèmi, ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990. Ìfẹ́ kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ gbòde, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Amẹ́ríkà sì mú ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, wọ́n fi ń gbẹ́ kíráǹkì láti inú ìṣù alumíníọ̀mù, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ elésè-àlùkò àti búlúù, ó dán, ó fúyẹ́, ojú kò sì lè ṣàì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èyí tí a gbẹ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tí a rọ. Èyí tí a rọ, ìwúwo òòlù ńlá ti mú kí iṣan inú rẹ̀ tẹ̀ lé ìrísí rẹ̀. Èyí tí a gbẹ́, ọ̀bẹ ẹ̀rọ ti gé iṣan náà kọjá, bí a bá sì tún gé igun rẹ̀ mú jù, a ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀là. Púpọ̀ nínú wọn ṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá kò yọ: ní ọdún 1997, Shimano ti Japan gba kíráǹkì tó tó mílíọ̀nù kan padà ní Àríwá Amẹ́ríkà nítorí wọ́n ń ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Gbogbo alángbá ló d'anú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ọ̀nà àbáyọ ni ihò inú. Agbára tó ń fẹ́ tẹ apá kíráǹkì, ara òde ni ó ń jẹ ẹ́ ní ìyà jù, àárín kò ṣiṣẹ́ púpọ̀. Nítorí náà bí a bá yọ àárín kúrò tí a sì mú òde nípọn díẹ̀, a dín ìwọ̀n kù láìdín agbára kù, gẹ́gẹ́ bí ọparun ti ń gbé òrùlé láìní nǹkan nínú. Roger Durham ti Bullseye ní California ti fi ọ̀pá irin oníhò ṣe é ṣáájú. Shimano rọ alumíníọ̀mù oníhò fún kíráǹkì XTR rẹ̀ ní ọdún 1996, ní ọdún 2003 ó sì gbé béárìn síta férémù kí ọ̀pá ìdábùú lè tóbi dé mìlímítà 24, kí òun náà sì ní ihò. Race Face ti Vancouver àti àwọn mìíràn mú kábọ́ọ̀nù wá lẹ́yìn náà, èyí tó fúyẹ́ ju gbogbo wọn lọ, tí kì í sì í rẹ̀ bí alumíníọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí irin pẹ́dà ti lẹ̀ mọ́ ọn ní í máa ń yọni lẹ́nu. Àtè kì í ṣe ohun tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú: ní ọdún 2023, nǹkan bí 680,000 kíráǹkì kẹ̀kẹ́ ojú títì ti Shimano, tí a fi àtè lẹ ìdajì méjì pọ̀, ni a ní kí wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà nítorí wọ́n ń là.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ra kíráǹkì fún igbó Memorial Park, alumíníọ̀mù tí a rọ, tí inú rẹ̀ ní ihò, tí ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ irin, ni èmi yóò ní kó rà, kó fi kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún ẹni tó ń díje. Ènìyàn tó wọn kílò 80, tó dìde sórí pẹ́dà kan ní bèbè Anthills, gbogbo ara rẹ̀ ló gbé lé apá kan ṣoṣo, gíráàmù 100 tó sì fi owó ńlá dín kù kò ní mú bèbè náà kúrú. Gígùn rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Mìlímítà 175 ni a ń lò láti ìgbà Marin, ṣùgbọ́n gbòǹgbò Houston a máa gbá pẹ́dà tó bá sún mọ́lẹ̀, àwọn tó gbọ́n níbẹ̀ sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí 170 àti 165. Òrùka eléyín mẹ́ta tó wà lára kíráǹkì àtijọ́, ti orí òkè ni; láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ SRAM ti gbé XX1 onórùka kan jáde ní ọdún 2012, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ó rí èrè jù nínú rẹ̀, nítorí méjì nínú àwọn mẹ́ta náà, ẹrẹ̀ odò nìkan ni wọ́n ń kó kiri.