Ìdánwò Nọ́ọ̀sì Ọmọdé: Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òkè Ọya, ẹ ti ń bi wá nípa ìdánwò nọ́ọ̀sì ọmọdé. Àwa kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, ọjà là ń tà ní Sábó, Kánò. Ṣùgbọ́n a jókòó ti àwọn tó ti yege, a sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀.

Nursing and Midwifery Council of Nigeria ló ń mójú tó o. Kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ gbọ́dọ̀ ti di nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó padà lọ kọ́ ti ọmọdé. Ìwé kíkọ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ náà wà níbẹ̀.

Ìṣirò oògùn ni gbogbo wọn kọ́kọ́ dárúkọ fún wa. Ọmọdé kì í ṣe àgbà kékeré. Bí ọmọ bá ṣe wọ̀n sí la fi ń mọ iye oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Ọmọ kan wọn kílò 12. Wọ́n ní kí ẹ fún un ní paracetamol, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 180. Oògùn olómi tó wà nílẹ̀, mílígíráàmù 120 ló wà nínú mílílítà 5 rẹ̀. Ẹ fi 120 pín 180, ó di 1.5; ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó di mílílítà 7.5. Ẹni tó bá gbàgbé pọ́ìǹtì àárín 7 àti 5, ìlọ́po mẹ́wàá ló fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ yẹn. Lọ́jà, tá a bá ṣi owó kà, a lè sáré pe oníbàárà padà. Oògùn tó ti wọnú ọmọ ńkọ́? Ẹ máa ṣe irú ìṣirò yìí lójoojúmọ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ lórí: BCG lọ́jọ́ ìbí, penta ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ti èèyi ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ti ìgbẹ́ gbuuru, omi ORS àti zinc: mílígíráàmù 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 20 fún èyí tó ti pé, fún ọjọ́ 10 sí 14.

Èdè Hausa tẹ́ ẹ gbọ́ wúlò púpọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ìyá tó ń sọ zazzaɓi, tari tàbí gudawa, ẹ̀yin kò nílò ògbufọ̀ láti mọ̀ pé ibà, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń wí.

Tó bá kan mímí, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tó bá mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti yá jù. Láti oṣù 2 dé 11, 50 ni. Láti ọdún 1 títí tí yóò fi pé 5, 40 ni. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí ẹ fi kà á, kí ọmọ sì dákẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan mọ gbogbo nọ́ńbà yìí dáadáa, àmọ́ ọmọ ń ké gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń kà á lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé máàkì rẹ̀. Nígbà tó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí ìyá fún ọmọ lọ́mú ná, ó dúró títí ó fi sùn, kó tó wo aago.