Baálẹ̀ Àpòmù, Ọlọ́pàá àti Híjáàbù

Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Àpòmù mọ ìtàn baálẹ̀ ìlú wọn àti Aláàfin Awólẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́, ọmọ ọba ṣì ni Awólẹ̀ nígbà tó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú lọ́jà Àpòmù. Èèwọ̀ ni, baálẹ̀ sì ní kí wọ́n na ọmọ ọba náà. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí ìtẹ́, ó pàṣẹ kí ogun lọ bá Àpòmù, baálẹ̀ sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìlú má baà run. Ẹni tó tẹ̀lé òfin ló fi orí san án.

Ibẹ̀ ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti Mùsùlùmí ní Ìkirè àti Àpòmù lónìí. Àwọn kan gbà pé bí Mùsùlùmí bá ti pọ̀ nínú ọlọ́pàá, ìfura yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn Haúsá tí Glover kó jọ láti ṣọ́ Èkó ní nǹkan bí ọdún 1863, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ Òyìnbó ni wọ́n ń jíhìn fún, kì í ṣe aráàlú. Ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀ Oòrùn náà dé, olóṣèlú sọ wọ́n di kùmọ̀ ọwọ́ rẹ̀, títí ológun fi gbàjọba ní 1966 tí wọ́n sì tú wọn ká lẹ́yìn náà. Ẹ̀sìn kọ́ ló bà á jẹ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Usman Alkali Baba, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, fàyè gba obìnrin ọlọ́pàá láti wọ híjáàbù mọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò sọ pé wọn yóò kọ ẹjọ́ obìnrin oníhíjáàbù tó wá fi ìdẹ́yẹsí sùn sílẹ̀, tàbí pé wọn kò ní fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 ka mímú ẹlòmíràn dípò afurasí léèwọ̀, ó sì ní kí ìgbìmọ̀ wà láàárín ọlọ́pàá àti aráàlú. Ta ló jókòó níbẹ̀ fún Ìkirè? Ta ni fún Àpòmù? Ẹ̀yin lèmọ́mù àti ìyálọ́jà, ẹ bi DPO yín léèrè kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé.