Àjàrá: Ọjà Etí Odò Láàrin Èdè Méjì àti Ìjọba Méjì

Ìlú Àjàrá wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Gùn ń pè ní Xọ̀gbónù, tí ìwé ìjọba sì ń pè ní Porto-Novo. Àárín ìlú méjèèjì kò ju bí kìlómítà 8 lọ. Odò kan tí omi rẹ̀ dúdú ń gba ẹ̀bá Àjàrá kọjá lọ sí ọ̀sà. Láti inú ọ̀sà náà ni ọkọ̀ sì ti lè gba Àgbádárìgì dé Èkó láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wádìí ìdí tí ọjà ńlá fi dúró sí ìlú kékeré bẹ́ẹ̀, omi yìí ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ohun tí àgbẹ̀ bá rù wá láti òkè, ọkọ̀ ni ó ń gbé e lọ. Ohun tí ọkọ̀ bá gbé ti ìsàlẹ̀ bọ̀, orí ni ó ń rù ú gòkè.

Ilẹ̀ àyíká ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí òwò ẹrú ń dẹ̀yìn, epo pupa àti èkùrọ́ ni ó gba ipò rẹ̀ ní ìjọba Àjàṣẹ́, nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù ń fẹ́ epo fún ọṣẹ. Àgbàdo máa ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nítorí pé òjò méjì ni apá gúúsù ní. Ẹ fi ẹ̀gẹ́, gààrí, ẹja, ẹní àti ìkòkò amọ̀ kún un. Títí di òní, àwọn ohun tí a fi mọ Àjàrá jù lọ ni ìkòkò, ìlù tí wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan tí àwọn ará Àjàṣẹ́ tìtorí rẹ̀ ń rin ìrìn àjò.

Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà náà ń bọ̀, àmọ́ Yorùbá yóò pè é ní ọjà ọrún. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan onímọ̀ èdè. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ mọ́ iye: bí ọjà bá ná lónìí, òní ni èkíní, ọjọ́ tí yóò tún ná sì ni ìkarùn-ún. Ọ̀nà kan náà ni a fi ń pe ọjà ọjọ́ mẹ́jọ ní ọjà ìsán, tí a sì ń pe ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ní ìtàdógún. Àwa tí a fi èdè Faransé kẹ́kọ̀ọ́ tètè máa ń rò pé àṣìkà ni èyí. Bẹ́ẹ̀ sì ni Faransé fúnra rẹ̀ ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ mẹ́jọ, tí ó sì ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Bí a bá gba ti ẹnì kan, kí a gba ti ẹnì kejì.

Ọjọ́ mẹ́rin yìí kan náà ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Àwọn Gùn pẹ̀lú ní ọjọ́ mẹ́rin tiwọn, wọ́n sì ń pe ọjà ní axi. Orúkọ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kíkà dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gùn àti alájàpá tí kò gbọ́ Yorùbá fi lè pàdé lábẹ́ igi kan náà láìsí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí ẹnì kejì. Ní 1959, Roger Bastide àti Pierre Verger tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àwọn ọjà Nàgó ti ìsàlẹ̀ Dahomey. Ní 1969, Hodder àti Ukwu tẹ ìwé lórí àwọn ọjà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ọjà ilẹ̀ Yorùbá kì í dá dúró, òbírí ni wọ́n ń ṣe, tí ọ̀kan ń ná lónìí, tí ìkejì ń ná lọ́la, kí alájàpá lè yí wọn ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Àjàrá sí ọjọ́ Àìkú nìkan yóò já okùn náà, nítorí ọjọ́ mẹ́rin àti ọjọ́ méje kì í bá ara wọn pàdé àfi lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28.

Ohun tí ó gbìyànjú láti já okùn yìí ní tòótọ́ ni ààlà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti wà ní Èkó, yin ìbọn lu Àjàṣẹ́ ní 1861. Ní 1863 Faransé fi ìlú náà sí abẹ́ ààbò rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ láìpẹ́, ó sì tún padà wá ní 1883 nígbà Ọba Tòfá, ẹni tí ó jọba láti 1874 di 1908. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù August 1889, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé kí ààlà jẹ́ ìlà gígùn tí ó gé ilẹ̀ Àjàṣẹ́ níbi odò Àjàrá, kí Ìpókíá bọ́ sí ọwọ́ Èkó, kí ìlà náà sì gòkè títí dé ìwọ̀n kẹsàn-án ní àríwá. Báyìí ni odò tí ó ń kó ènìyàn jọ ṣe di àmì tí a fi ń pín wọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Ìpókíá. Àwọn tí a ń pè ní Ànàgó ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Láti ara Ànàgó ni àwọn Gùn àti Fọ̀n ti mú Nàgó, tí wọ́n fi ń pe gbogbo ẹni tí ń sọ Yorùbá. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn ẹrú bá dé ilẹ̀ Bàhíà. Ìlà 1889 wá fi Ìpókíá sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Nàgó sì wá di èyí tí ìwé Faransé fi ń pe àwọn ti Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, bí ẹni pé ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n yàtọ̀ sí Yorùbá Nàìjíríà. Ní èrò tiwa, ààlà ni ó bí ìyàtọ̀ yìí; kò sí nínú èdè. Èdè ẹ̀kọ́ àti èdè ìjọba ni ó yàtọ̀ ní apá méjèèjì.

Obìnrin tí ó ń gbé ẹrù rẹ̀ láti Ìpókíá lọ sí Àjàrá kò yí ọ̀nà padà. Òfin ni ó yí i lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe òwò náà láti ìgbà náà wá ni fàyàwọ́, ẹni tí ń fi àyà wọ́ ilẹ̀ kí aṣọ́bodè má baà rí i. A kò pe ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ kí aṣọ́bodè tó wà. Epo bẹntiróò wà lára ọjà fàyàwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo, ìyẹn ayédèrú, ní èdè Gùn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn Nàgó kò wá ọ̀rọ̀ tiwọn, wọ́n yá ti Gùn lò.

Owó pẹ̀lú yàtọ̀ sí owó. Nígbà owó ẹyọ, ogójì ní ń bẹ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́. Ìṣirò kan náà ni ó kárí etí ọ̀sà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣílè wá ní apá kan, faransì ní apá kejì. Náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973. Ní oṣù January 1994, a gé iye faransì sẹ́fà sí ìdajì sí ti Faransé. Ìjọba Nàìjíríà ti ibodè láti 1984 títí di 1986, ó tún tì í láti oṣù August 2019 di oṣù December 2020. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ní àgbàdo nílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni kí a fi kún un. Nínú ọjà kan náà, Nàgó ń ta ẹ̀kọ, Gùn sì ń pe ohun tí ó jọ ọ́ ní àkàsà. Àwọn méjèèjì gbà pé kò sí ìjà níbẹ̀. Ní Bàhíà, acaçá ti ọ̀dọ̀ àwọn Gùn àti Fọ̀n wá, acarajé sì ti ara àkàrà Yorùbá jáde. Orí igbá kan náà ni wọ́n jọ wà títí di òní.

Àwọn kan ti fẹ́ fi àjàrà, igi tí ń fà, túmọ̀ orúkọ ìlú náà. Ìjọra ohùn kì í ṣe ẹ̀rí, pàápàá ní ìlú tí èdè Gùn ti gbilẹ̀. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ni kí a kọ orúkọ àwọn ọjọ́ ọjà sílẹ̀ ní èdè méjèèjì, láti ẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ṣì ń kà á, nítorí àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ti ń béèrè lọ́wọ́ fóònù pé ọjọ́ wo ni Àjàrá yóò ná.