Idà

Idà (ọ̀rọ̀-orúkọ): irin ogun tó gùn ju ọ̀bẹ lọ, tí kì í ká wọnú èèkù. Àdá wà fún oko, ọ̀bẹ wà fún ìdáná. Ní ti idà, ìjà ni alágbẹ̀dẹ rọ ọ́ fún.

Ẹ̀yà ara rẹ̀: Ojú idà ló ń gé, èèkù ni a ń dì mú, inú àkọ̀ ló ń gbé. Èèkù ni àwọn àgbà kà sí agbára: bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀.

Idà láàfin: Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń mú idà àṣẹ wá fún Aláàfin tuntun. Láyé ìgbà náà, bí kò bá tíì gbà á, kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n pa ọ̀daràn. Ní Ọ̀wọ̀, udamalore ni idà oyè tí Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè ńlá ń fi kọ́ ìbàdí. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn mìíràn.

Irin rẹ̀: Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin ilẹ̀ ní Ola-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́. Lónìí, sípíríǹgì ọkọ̀ àlòkù ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ń fi sínú iná.

Tún wo: àgẹdẹ̀ngbé, àdá ogun ńlá tó wúwo.