Alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìwé-Àṣẹ Ìhùmọ̀

Láti ọdún 1925 ni òfin ti là á sílẹ̀ pé ìwé-àṣẹ ìhùmọ̀, ìyẹn pátẹ́ǹtì, tí a gbà ní Ìlú Ọba nìkan ni a lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀bú-Òde tó bá hùmọ̀ ẹ̀rọ tuntun fún rírin pákí ní láti kọ́kọ́ kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù. Tálákà wo ló rí owó rẹ̀? Òfin ọdún 1970 mú ìyẹn kúrò.

Ní Amẹ́ríkà, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kọ ìhùmọ̀ kan nítorí pé ó hàn gbangba sí oníṣẹ́ irú rẹ̀, olùhùmọ̀ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ohun kan náà ni òfin wa béèrè, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kì í yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ síwèé. Ewu ẹni tó gbà á ni. Ọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ kejì bá gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni yóò tó mọ̀ bóyá ìwé ọwọ́ rẹ̀ já mọ́ nǹkan.