Àpótí Páswọ́ọ̀dù fún Aṣojú AI

Irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni. Ó ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù èèyàn, ó sì ń bá aṣojú AI, ìyẹn ètò tó ń dá iṣẹ́ ṣe lórúkọ ẹni tó ń lò ó, ṣílẹ̀kùn àkáǹtì.

Ohun tó bí i kò ṣàjèjì ní àdúgbò bíi Egan. Lábẹ́ agboòrùn POS, oníbàárà á na káàdì sí ọmọ tó wà níbẹ̀, á sì pe PIN rẹ̀ sókè kí gbogbo ẹni tó tò lẹ́yìn gbọ́. Ohun tó yẹ ni kó gba ẹ̀rọ náà, kó fọwọ́ bò ó, kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Àpótí tó dára ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: aṣojú á béèrè, ẹni tó ni àkáǹtì á fọwọ́ sí i lórí ẹ̀rọ rẹ̀, àpótí á wá tẹ páswọ́ọ̀dù sí ojú ìwé ìwọlé. AI kò ní rí i rárá. Ọ̀nà yìí ni 1Password, ilé iṣẹ́ Kánádà, gbà ní 2025.

Ti ilé iṣẹ́ Bitwarden, tó jáde lọ́dún kan náà, yàtọ̀. Ìlànà MCP, tó ń so AI mọ́ irinṣẹ́ mìíràn, tí ilé iṣẹ́ Anthropic gbé kalẹ̀ ní 2024 ló ń lò, orí kọ̀ǹpútà ẹni ló sì ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n AI lè ka ohun tó bá mú jáde. Ewu ńlá nìyí, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn tí ọ̀daràn fi pamọ́ sínú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì lè pàṣẹ fún AI pé kó fi páswọ́ọ̀dù ránṣẹ́ síta. Àkáǹtì báńkì kò gbọdọ̀ sí nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀.